Ahọ́n Wa Kò Yadi: Ọ̀rọ̀ Lórí Ìgò Wáìnì Pupa Kan ní Anoumabo

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, a wà ní Anoumabo, abúlé àwọn ẹ̀yà Ébrié tí ìlú ńlá Abidjan ti gbà mọ́ra, tí ó sì wà lábẹ́ àdúgbò Marcory lónìí. A jókòó sí ọ̀kan nínú àwọn ilé oúnjẹ gbangba tí àwọn ará ibẹ̀ ń pè ní maquis. Ẹja ń bẹ lórí iná, attiéké tí wọ́n fi ẹ̀gẹ́ ṣe ń bẹ nínú àwo, ata gígún wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, orin sì ń dún lọ́tùn-ún lósì. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan wà láàárín wa tí ó jẹ́ olùkọ́. Ọmọ Ẹjìgbò ni bàbá àti ìyá rẹ̀, ṣùgbọ́n Abidjan ni wọ́n bí i sí. Òun ni ó ra ìgò wáìnì pupa kan, irú èyí tí ó dúdú bí aró, tí ó sì bù ú fún àwọn tí ń mu ọtí nínú wa. Ó tọ́ ọ wò, ó di ojú, ó sì fi èdè Faransé yìn ín fún ìṣẹ́jú mélòó kan. A ní kí ó jọ̀wọ́ tún un sọ fún wa ní Yorùbá. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní: “Ẹ má bínú o, ẹ̀yin àgbà. Kò sí ọ̀rọ̀ rẹ̀ nínú èdè wa.”

Ìyá àgbà kan wà nítòsí tí ń ta obì àti orógbó. Ọmọ ilẹ̀ wa ni, Mùsùlùmí ni, kò sì fi ọtí kan ẹnu rí láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí i. Ó gbọ́ ohun tí ọmọ náà wí, ó sì bi í pé: “Kí ni ó ṣe ọ́ lẹ́nu, ọmọ mi?”

Ó dáhùn pé: “Ó gbẹ mí lẹ́nu, mà. Ó sì fún ahọ́n mi pọ̀.”

Ìyá ní: “Bí obì tí kò tíì gbó?”

Ó ní: “Bẹ́ẹ̀ gan-an ni, mà. Ó korò díẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo gbé e mì tán, adùn kan padà wá.”

Ìyá ní: “A jẹ́ pé obì ni, kì í ṣe orógbó. Orógbó a máa korò títí dé òpin. Obì ni ó máa ń korò lákọ̀ọ́kọ́, tí omi tí a bá mu tẹ̀lé e á wá dùn. O sì ní kò sí ọ̀rọ̀ rẹ̀?”

Gbogbo wa dákẹ́.

Ẹ̀yin òǹkàwé wa, nítorí ìbéèrè ìyá yìí ni a fi mú kálámù. A kò kọ ọ́ láti polówó ọtí fún ẹnikẹ́ni. Ẹni tí ẹ̀sìn rẹ̀ kọ ọtí fún un, tàbí tí dókítà kọ̀ ọ́ fún un, kí ó má ṣe mu ún. Ọ̀rọ̀ wa kan òun náà bí ó ti kan ìyá ọlọ́bì. Ohun tí à ń sọ ni pé, ọ̀mọ̀wé tí ó lè fi èdè Faransé ka orúkọ adùn méjìlá, ṣùgbọ́n tí ó gbà pé èdè ìyá òun kò ní ẹyọ kan, ti pàdánù ohun tí ó ju owó ìgò wáìnì lọ. Ẹni tí ó bá fún nǹkan lórúkọ ni ó máa ń di ọ̀gá rẹ̀. Bí a bá jẹ́ kí ẹlòmíràn máa sọ ohun tí ó wà ní ẹnu wa fún wa, kí ni ó tún kù tí a lè pè ní tiwa?

Ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti ṣẹlẹ̀ ní ìtàn tí ó bá a mu. Àdúgbò Abidjan tí a ń pè ní Treichville lónìí, Anoumabo ni orúkọ rẹ̀ títí di ọdún 1934. Ìgbà náà ni ìjọba àwọn Faransé yọ orúkọ àwọn onílẹ̀ kúrò, tí wọ́n sì fi orúkọ Marcel Treich-Laplène rọ́pò rẹ̀, ọ̀kan nínú àwọn tí wọ́n la ọ̀nà fún wọn láti gba ilẹ̀ Côte d'Ivoire. Àwọn ará abúlé ṣí kúrò, ṣùgbọ́n wọ́n gbé orúkọ wọn dání lọ sí ibi tí a ti bá wọn yìí. Láti inú Anoumabo kan náà ni ẹgbẹ́ olórin Magic System ti jáde. Ní ọdún 1999 wọ́n gbé orin “Premier Gaou” jáde, wọn kò sì lo Faransé àwọn ará Paris. Ti ìgboro Abidjan ni wọ́n lò. Nígbà tí ó yá, àwọn ará Paris náà bá wọn jó o. Láti ọdún 2008 ni àjọ̀dún orin tí wọ́n dá sílẹ̀ ti ń mú kí àjèjì láti ilẹ̀ púpọ̀ mọ orúkọ Anoumabo. Ọ̀rọ̀ náà, gaou, nínú èdè ìgboro yẹn, túmọ̀ sí ẹni tí ojú rẹ̀ kò tíì là, tí a lè tètè tàn jẹ. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi í sọ́kàn, nítorí pé a ó tún padà sórí rẹ̀.

Kí ni wáìnì pupa tí ó lágbára? Bí a bá fún èso àjàrà dúdú, omi tí kò láwọ̀ ni yóò jáde lára ọ̀pọ̀ nínú wọn, nítorí pé inú èèpo ni àwọ̀ wà. Ẹni tí ó fẹ́ ṣe wáìnì pupa a fọ́ èso náà, a sì fi omi, èèpo àti hóró rẹ̀ sílẹ̀ pọ̀ fún ọjọ́ púpọ̀, títí ìwúkàrà yóò fi sọ ṣúgà inú rẹ̀ di ọtí. Bí èèpo bá ti pẹ́ tó nínú omi ni àwọ̀ yóò ṣe jinlẹ̀ tó. Ẹni tí ó bá ti rí aláró tí ń ti aṣọ bọ inú ìkòkò lẹ́ẹ̀kan, lẹ́ẹ̀mejì, lẹ́ẹ̀mẹ́ta, kò nílò àlàyé mìíràn.

Láti inú èèpo àti hóró yìí náà ni ohun tí àwọn onímọ̀ ń pè ní tánínì ti ń wá. Ó wà nínú obì, ó wà nínú ewé tíì, ó wà nínú èso kajú, ó sì wà nínú èèpo igi tí àwọn tí ń ṣe awọ fi ń tọ́jú awọ ẹran kí ó má bàa jẹrà. Ohun tí ó ń ṣe fún awọ náà ni ó ń ṣe fún ẹnu wa. Ó ń so mọ́ àwọn èròjà tí ń mú kí itọ́ máa yọ̀, ẹnu a sì gbẹ, àfi bí ẹni pé a fi aṣọ nù ún. Nítorí náà, nígbà tí ìyá ọlọ́bì fi wáìnì wé obì, kì í ṣe àfiwé lásán ni ó ṣe. Ohun kan náà ni ó wà nínú méjèèjì.

Àwọn oríṣi àjàrà tí ń mú irú wáìnì yìí jáde pọ̀. Cabernet Sauvignon wà, èyí tí ó gba òkìkí ní Bordeaux. Syrah wà ní àfonífojì odò Rhône. Malbec kúrò ní Cahors, ó sì di ọlọ́lá ní Argentina. Tannat sì wà ní Madiran, èyí tí orúkọ rẹ̀ bá ọ̀rọ̀ tánínì tan. Níbi tí oòrùn bá ti mú, ṣúgà a pọ̀ nínú èso. Ṣúgà tí ó pọ̀ ni yóò di ọtí tí ó pọ̀. Ìdí nìyí tí agbára ọtí inú wọn fi sábà máa ń tó ìpín 13 sí 15 nínú 100.

A kò gbọdọ̀ gbójú fo ìtàn kan níhìn-ín. Ní ìparí ọ̀rúndún kọkàndínlógún, kòkòrò kan tí a ń pè ní phylloxera run oko àjàrà ilẹ̀ Faransé. Àwọn Faransé wá gbin àjàrà púpọ̀ sí Àlgéríà, ilẹ̀ Áfíríkà tí wọ́n ti fi ipá gbà. Oòrùn ilẹ̀ náà mú kí wáìnì rẹ̀ dúdú, kí ó sì lágbára. Wọ́n a máa rọ́ ọ sínú ọkọ̀ òkun lọ sí ilẹ̀ Faransé, wọ́n a sì dà á pọ̀ mọ́ wáìnì tiwọn tí ó rẹ̀ dòdò, kí àwọ̀ àti agbára lè wọ̀ ọ́. Nígbà tí ó fi di ọdún 1960, Àlgéríà ni ó ń ta wáìnì sí òkèèrè jù lọ ní gbogbo ayé. Ọdún 1962 ni ó gba òmìnira, tí òwò náà sì bẹ̀rẹ̀ sí í wó lulẹ̀. Ẹ ò rí i pé ọ̀pọ̀ ìgò tí àwọn bàbá wa bẹ̀rù nítorí pé Faransé ni orúkọ ara rẹ̀, agbára ilẹ̀ Áfíríkà ni ó gbé e ró?

Ẹ jẹ́ kí a wá tọ́ ọ wò bí àgbà ṣe ń yẹ ẹmu wò kí ó tó sanwó. Ojú ni àkọ́kọ́. Gbé ife sí iwájú aṣọ funfun. Bí wáìnì náà kò bá tíì dàgbà, àwọ̀ rẹ̀ á dà bí omi iṣápá pupa tí a sè tí ó ki, ẹ̀bá rẹ̀ á sì máa dán bí ẹtù tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ lù. Bí ó bá ti pẹ́, ẹ̀bá rẹ̀ á pọ́n rúsúrúsú bí ìkòkò amọ̀ tí iná ti jó.

Imú ni èkejì. Má ṣe kún ife. Ìdá kan nínú mẹ́ta rẹ̀ ti tó. Mì ín yí ká díẹ̀, kí atẹ́gùn lè gbé òórùn rẹ̀ sókè. Ìwé àwọn Faransé yóò sọ fún ọ pé òórùn èso cassis ni. Mélòó nínú wa ni ó jẹ cassis rí? Ohun tí àwa gbọ́ nínú ìgò ti Anoumabo ni òórùn ìyeyè tí ó pọ́n jù, òórùn kòkó tí a sá sínú oòrùn, òórùn ewé tábà, àti òórùn èéfín tí ó máa ń wà lára ẹja gbígbẹ. Ọ̀kan nínú wa ní òun gbọ́ iyèré tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ gún, àwọn kan sì fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Ṣùgbọ́n ní ọdún 2008, àwọn onímọ̀ ní Australia fi hàn pé èròjà kan tí a ń pè ní rotundone, tí ó ń fún ata dúdú ilẹ̀ Íńdíà ní òórùn rẹ̀, wà nínú wáìnì Syrah. Ìbátan ata dúdú náà ni iyèré wa. Nítorí náà, obìnrin tí ó ti ń gún iyèré sí ọbẹ̀ láti kékeré, tí ó wá ní òun gbọ́ ọ nínú ife, kì í ṣe aláìmọ̀kan. Ó ṣeé ṣe kí ó mọ̀ ju ẹni tí ń ka ìwé lọ.

Ahọ́n ni ẹ̀kẹta, iṣẹ́ rẹ̀ sì pọ̀. Ó gbọ́dọ̀ wá kíkan inú rẹ̀, irú èyí tí ó wà nínú àgbálùmọ̀. Ó gbọ́dọ̀ wá ìfúnpọ̀ obì. Ó gbọ́dọ̀ wá ìkorò, bí ti ewúro tí a fọ̀ tí a kò fọ̀ jù. Ó tún gbọ́dọ̀ mọ ìwúwo rẹ̀, nítorí pé wáìnì kan a máa ṣàn lẹ́nu bí omi lásán, òmíràn a sì kún ẹnu bí ògì tí a pò tí ó ki. Èyí tí ó kún ẹnu ni a ń pè ní alágbára. Ṣùgbọ́n agbára kì í ṣe ariwo. Ẹ wo àwọn onílù dùndún: bí ìyáàlù nìkan bá ń ké, etí lásán ni yóò dunni; bí gúdúgúdú bá bá a mu, tí kẹríkẹrì sì dáhùn, ẹsẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í jó. Wáìnì tí ó jẹ́ pé ìfúnpọ̀ nìkan ni ó ní, tàbí tí ó jẹ́ pé ìgbóná ọtí nìkan ni a ń gbọ́ nínú ọ̀fun, onílù kan ṣoṣo ni.

Ọ̀fun ni ẹ̀kẹrin. Nígbà tí a bá gbé e mì tán, kí a dákẹ́, kí a sì wò ó bí adùn rẹ̀ yóò ti pẹ́ tó. Èyí tí kò dára a lọ ní kíá bí àlejò tí ó jẹun tán tí kò dúpẹ́. Èyí tí ó dára a dúró, a sì máa yí padà díẹ̀díẹ̀.

Àwọn àgbà ní kò sí ohun tí ó le tí kì í rọ̀. Ọjọ́ orí a máa rọ wáìnì líle. Atẹ́gùn náà a máa rọ̀ ọ́, bí a bá ṣí i sílẹ̀ fún wákàtí kan kí a tó mu ún. Ẹran ọlọ́ràá a sì máa rọ̀ ọ́, nítorí pé tánínì yóò so mọ́ ẹran, yóò sì fi itọ́ ẹnu wa sílẹ̀. Ẹran àgùntàn yíyan ni ó yẹ kí ọ̀dọ́ wa fi mu ún. Ẹja ni ó fi mu ún, irin ni ó sì ń gbọ́ lẹ́nu. Ó fi ata gígún kún un, iná ọtí sì wá di méjì. Kì í ṣe ẹ̀bi wáìnì, kì í ṣe ẹ̀bi ẹja. Àwọn méjèèjì kò bára wọn mu ni.

Ìwé kan tún ti sọ fún un pé bí yàrá bá ti rí ni kí wáìnì pupa rí, kí a má ṣe mú un tutù. Òfin yìí dára fún ẹni tí ó ṣe é. Yàrá ilé olókùúta ní ilẹ̀ Faransé láyé àtijọ́ ni ó ní lọ́kàn, níbi tí ooru kò ju ìwọ̀n 16 sí 18 lọ. Ní Abidjan, ìwọ̀n 27 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ni a sábà máa ń rí. Wáìnì tí ó bá gbóná tó bẹ́ẹ̀ yóò máa rùn bí ọtí líle, adùn rẹ̀ yóò sì fọ́nká. Ogún ìṣẹ́jú nínú omi oníyìnyín tó láti gbà á là. Ọ̀pọ̀ ni ó ń tẹ̀ lé òfin tí ó ba ọtí wọn jẹ́, tí ẹ̀rù ń bà wọ́n láti ṣe ohun tí ara wọn ń sọ fún wọn, kí a má bàa pè wọ́n ní ará oko. Àwọn gan-an ni a ń pè ní gaou.

Ẹ má sì rò pé adúláwọ̀ nìkan ni a lè tàn jẹ. Ní ọdún 2001, àwọn onímọ̀ kan ní Bordeaux tẹ ìwádìí kan jáde. Wọ́n po àwọ̀ pupa tí kò ní òórùn mọ́ wáìnì funfun, wọ́n sì gbé e fún akẹ́kọ̀ọ́ 54 tí ń kọ́ nípa wáìnì. Àwọn ọ̀rọ̀ tí a fi ń ṣàpèjúwe wáìnì pupa ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ náà fi ṣàpèjúwe rẹ̀. Ojú ti ṣi imú lọ́nà. Ṣáájú ìgbà náà, ní ọjọ́ 24 oṣù Karùn-ún ọdún 1976, àwọn onídàájọ́ ilẹ̀ Faransé tọ́ wáìnì wò ní Paris láìrí orúkọ ara ìgò. Nígbà tí a ka máàkì tán, Cabernet Sauvignon kan láti Kalifọ́níà ni ó borí láàárín àwọn wáìnì pupa, tí ó sì fi àwọn àgbà Bordeaux sẹ́yìn. Níbi tí a bá ti bo orúkọ, ẹnu nìkan ni ẹlẹ́rìí.

Bí ẹnikẹ́ni bá sì ní adúláwọ̀ kò lè jẹ́ ẹlẹ́rìí bẹ́ẹ̀, kí ó wo ìhà gúúsù Áfíríkà. Ní Stellenbosch ni a ti ṣẹ̀dá Pinotage ní ọdún 1925, àjàrà pupa tí a kò bí sí Yúróòpù. Ntsiki Biyela, ọmọ KwaZulu-Natal, kẹ́kọ̀ọ́ jáde ní yunifásítì ìlú náà, ó sì di obìnrin adúláwọ̀ àkọ́kọ́ tí ó di ọ̀gá aṣewáìnì ní South Africa. Nígbà tí ó dá iṣẹ́ tirẹ̀ sílẹ̀, Aslina, orúkọ ìyá rẹ̀ àgbà, ni ó fi sọ ọ́. Ní ọdún 2017, ọkùnrin mẹ́rin láti Zimbabwe, tí wọ́n ti sá wá sí South Africa nítorí ìnira, lọ sí Burgundy láti bá àwọn orílẹ̀-èdè ayé díje nínú títọ́ wáìnì wò láìrí orúkọ rẹ̀. A ti ṣe fíìmù nípa ìrìn àjò wọn. Kò sí àjàrà ní àgbàlá ilé tí wọ́n ti dàgbà. Ẹnu tí wọ́n gbé kúrò nílé ni wọ́n gbé lọ.

Àwa náà ní ẹnu yẹn. Ẹmu ni a fi kọ́ ọ. Àwọn bàbá wa mọ ìyàtọ̀ láàárín ẹmu ọ̀pẹ àti ògùrọ̀ kí wọ́n tó gbé igbá dé ètè. Wọ́n mọ èyí tí a dá láàárọ̀ àti èyí tí ó ti sùn mọ́jú. Wọ́n mọ èyí tí adẹ́mu bu omi lé, wọ́n sì ń wí i lójú rẹ̀. Ẹmu kò lè pẹ́ bí wáìnì, nítorí pé ìwúkàrà ti ń ṣiṣẹ́ nínú rẹ̀ kí a tó sọ̀ ọ́ kalẹ̀ láti orí igi: ó dùn láàárọ̀, ó ta lẹ́nu lọ́sàn-án, ó kan ní ọjọ́ kejì. Ìdí nìyí tí ẹni tí ó bá fẹ́ mọ̀ ọ́n fi gbọ́dọ̀ já fáfá. Bangui ni wọ́n ń pè é ní Abidjan. Ọ̀rọ̀ ẹmu yìí kan náà ni Amos Tutuola kó lọ sí Lọ́ńdọ̀nù nínú ìwé rẹ̀ tí ó jáde ní 1952, tí Kọ́lá Ògúnmọ́lá sì sọ di eré Yorùbá ní 1963. Síbẹ̀, ọmọ wa tí ó mọ orúkọ oko àjàrà mẹ́wàá kò mọ ìyàtọ̀ láàárín ẹmu àti ògùrọ̀ mọ́. Kì í ṣe wáìnì ni ó jà á lólè. Ìtìjú ni.

Àwọn kan yóò sọ pé, ìbàjẹ́ ọtí ti pọ̀ tó nígboro, kí ni a tún ń kọ́ ènìyàn ní adùn rẹ̀ sí? Ọ̀rọ̀ yìí ní ìwúwo, a kò sì ní fi ọwọ́ rọ́ ọ sẹ́yìn. Ní oṣù kìíní ọdún 2023, Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ ọ́ gbangba pé kò sí ìwọ̀n ọtí tí a lè pè ní aláìléwu. Ẹ jẹ́ kí a ṣírò rẹ̀ pẹ̀lú. Ìgò wáìnì kan jẹ́ 750 mìlílítà. Bí agbára rẹ̀ bá jẹ́ ìpín 14 nínú 100, ògidì ọtí inú rẹ̀ jẹ́ 105 mìlílítà. Ìgò bíà ńlá tí ó jẹ́ 650 mìlílítà, tí agbára rẹ̀ jẹ́ ìpín 5, kò ní ju 32 tàbí 33 lọ. Ìgò wáìnì kan ju ìgò bíà ńlá mẹ́ta lọ. Ẹni tí ń da wáìnì mu bí ẹni ń mu bíà, ara rẹ̀ ni ó ń gbẹ́ kòtò fún. Ṣùgbọ́n ẹni tí ń tọ́ nǹkan wò pẹ̀lú ìfarabalẹ̀, tí ó ń wá orúkọ fún ohun tí ó ń gbọ́, kì í lè yára mu. Ọ̀mùtí kì í tọ́ ọtí wò. Gbígbé mì ni tirẹ̀.

Ẹ̀yin olùkọ́, ọwọ́ yín ni ọ̀rọ̀ yìí wà jù lọ, ẹ kò sì nílò ẹ̀kán ọtí kan láti ṣe é. Ẹ kó obì, orógbó, ewúro, àgbálùmọ̀, ọsàn, oyin, iyọ̀ àti iyèré wá sí kíláàsì. Ẹ fi aṣọ di ojú àwọn ọmọ, kí wọ́n tọ́ wọn wò díẹ̀díẹ̀, kí wọ́n sì sọ ohun tí wọ́n gbọ́ ní Yorùbá. Ẹ fún wọn ní àgbáyun jẹ, kí ẹ wá fún wọn ní ọsàn wẹ́wẹ́ tí ó kan, kí wọ́n rí i bí kíkan ti ń di dídùn, kí ẹ sì ṣàlàyé ìdí rẹ̀ fún wọn. Sáyẹ́ǹsì ni, èdè ni, ìtàn ni. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé èdè wa kò lè gbé e. Láti ọdún 1970 ni ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Ilé-Ifẹ̀ ti fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní gbogbo ẹ̀kọ́ fún ọdún mẹ́fà, àyàfi ẹ̀kọ́ èdè Gẹ̀ẹ́sì, àwọn ọmọ náà kò sì ya òpè.

Fún àwọn ọmọ wa tí ó wà ní Abidjan, ọ̀rọ̀ náà tún le jù bẹ́ẹ̀ lọ. Faransé ni wọ́n ń gbọ́ ní ilé-ìwé, Faransé ni wọ́n ń gbọ́ ní ọjà. Bí Yorùbá bá di èdè tí a fi ń kí bàbá àgbà nìkan, tí kò ní ohun tí a lè fi í wí nípa ohun tí à ń jẹ, ohun tí à ń mu àti ohun tí à ń gbóòórùn lónìí, yóò bá bàbá àgbà wọ ibojì. Àwọn ará Anoumabo pàdánù ilẹ̀, wọn kò pàdánù orúkọ. Ẹ má jẹ́ kí àwa tí a kò pàdánù ilẹ̀ pàdánù ọ̀rọ̀.

Kí a tó dìde ní alẹ́ ọjọ́ náà, ọ̀dọ́ olùkọ́ náà kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àtẹ ìyá, ó ra obì mẹ́rin àti orógbó méjì. A bi í bóyá ó ní ìnáwó ni. Ó ní rárá, kíláàsì ni òun ń kó wọn lọ. Ìyá kọ̀, kò gba owó orógbó lọ́wọ́ rẹ̀. Ìdajì ìgò wáìnì wà lórí tábìlì sí i, kò sì sí ẹni tí ó rántí rẹ̀ mọ́.